Hulk 181 tí wọ́n pè ní 9.4: ohun tó yẹ kó o wò kó o tó dá owó lé e

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjàpọ̀ ní Àkúrẹ́ ni mò ń gbé, mo sì ń kó kọ́míìkì jọ. Mo rí The Incredible Hulk 181 kan ní gbàǹjo orí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n kọ “CGC 9.4” gàdàgbà sí àkọlé ọjà náà (CGC ni iléeṣẹ́ tó ń fún kọ́míìkì ní máàkì, tó sì ń tì í mọ́ inú àpótí ike), ṣùgbọ́n iye tí àwọn èèyàn ti dá lé e kò tó ìdajì iye tí mo mọ̀ pé 9.4 máa ń lọ. Fọ́tò iwájú nìkan ni ẹni tó ń tà á gbé síbẹ̀, iná sì tàn sórí lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ débi pé mi ò lè kà á tán, àmọ́ mo rí i pé òkè lébẹ́ẹ̀lì náà ní àwọ̀ ewé. Ọ̀rẹ́ mi kan ní FUTA sọ pé tí nọ́ńbà ara lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ bá ti jáde lórí ìkànnì CGC, ọ̀rọ̀ ti parí, kí n máa rà á lọ. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Houston ló máa bá mi gbà á, yóò sì fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú àwọn tó ń kó ẹrù gba ojú omi. Ṣé ayédèrú ni àbí ojúlówó?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, inú mi dùn pé o béèrè kówó tó kúrò lọ́wọ́ ẹ. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ẹ lóhùn ní ṣókí. Ó ṣeé ṣe dáadáa kí àpótí ike yẹn jẹ́ ojúlówó, kí lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ jẹ́ ojúlówó, kí ìwé inú rẹ̀ sì jẹ́ Hulk 181 tí wọ́n tẹ̀ ní 1974 lóòótọ́. Síbẹ̀, ohun tí wọ́n pè é kọ́ ló jẹ́. Àwọ̀ ewé tó o rí yẹn ló tú àṣírí rẹ̀. Má ṣe dá owó 9.4 lé e.

Mo tètè sọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ayédèrú ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń kó kọ́míìkì jọ ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó ń ṣọ́. Wọ́n ti gbọ́ pé àwọn kan ń ṣe àpótí ike àdàmọ̀dì, torí náà wọ́n á máa yẹ ike wò, wọ́n á máa wá àmì tó ń dán lórí lébẹ́ẹ̀lì, wọn ò sì ní ka ohun tí lébẹ́ẹ̀lì náà sọ. Ẹnu mẹ́ta ló ń sọ̀rọ̀ nínú gbàǹjo kọ́míìkì tó ti gba máàkì. Ẹni tó ń tà á ń sọ tirẹ̀ nínú àkọlé ọjà. Iléeṣẹ́ tó yẹ ìwé wò ń sọ tirẹ̀ lórí lébẹ́ẹ̀lì. Ìwé fúnra rẹ̀ ń sọ tirẹ̀ fún ẹni tó bá fara balẹ̀ wò ó. Àárín ẹnu kìíní àti ẹnu kejì ni owó àwọn èèyàn wa ti ń sọnù jù, níbi tí lébẹ́ẹ̀lì ti sọ òótọ́ délẹ̀, tí àkọlé ọjà sì gé òótọ́ náà sí méjì, tó mú èyí tó dùn ún tà.

Fún ẹ̀yin yòókù tí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí: lọ́dún 2000 ni iléeṣẹ́ CGC bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ṣáájú ìgbà yẹn, ẹni tó ń ta ìwé ló máa ń fẹnu ara rẹ̀ sọ bí ìwé náà ṣe dára tó, ẹni tó ń rà á sì máa gbà á gbọ́ tàbí kó jiyàn. CGC ní kí wọ́n máa fi ìwé ránṣẹ́ sí òun. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà á yẹ̀ ẹ́ wò ní ojúewé kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fún un ní máàkì láti 0.5 dé 10.0, wọ́n á sì tì í mọ́ inú àpótí ike pẹ̀lú lébẹ́ẹ̀lì àti nọ́ńbà tirẹ̀. CBCS dé ní 2014, ó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Àwọn iléeṣẹ́ mìíràn tún wà, ẹnikẹ́ni tó bá sì ní ike àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lè dá tiẹ̀ sílẹ̀ lọ́la. Nítorí náà, orúkọ tó wà lórí lébẹ́ẹ̀lì ni kó o kọ́kọ́ kà, kó o tó ka máàkì. 9.8 láti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ tí ọjà ò kà sí lè má tó iye 9.0 láti ọ̀dọ̀ èyí tí wọ́n kà sí.

Máàkì nìkan kò sì tó láti fi mọ iye ìwé. Ní oṣù kẹrin 2024, Action Comics àkọ́kọ́, ti 1938, ta ní mílíọ̀nù 6 dọ́là ní ilé gbàǹjo Heritage Auctions, bẹ́ẹ̀ 8.5 ló gbà. Ìwé tó ti tó ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún tí ó ṣì wà ní ipò 8.5 jẹ́ ohun ìyanu. Kọ́míìkì tí wọ́n tẹ̀ lọ́dún tó kọjá tó gba 9.8, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló wà nílẹ̀.

Ó yá, àwọ̀ lébẹ́ẹ̀lì. Ní CGC, búlúù ni ti Universal, ìyẹn ìwé tí wọn ò fi ọ̀rọ̀ kankan há máàkì rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Àwọ̀ ewé ni ti Qualified. Ìwé tó bá wà nínú lébẹ́ẹ̀lì àwọ̀ ewé ní àbùkù ńlá kan tí wọ́n yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n tó fún un ní máàkì. 9.4 tó o rí níbẹ̀ ni ìwé náà ìbá gbà ká ní àbùkù yẹn ò sí. Àbùkù náà sì wà. Wọ́n kọ ọ́ sórí lébẹ́ẹ̀lì ní lẹ́tà wẹ́wẹ́, ibẹ̀ gan-an ni iná fọ́tò tó o rí yẹn sì bọ́ sí.

Ní ti Hulk 181, mo lè fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ fún ẹ ohun tí lẹ́tà wẹ́wẹ́ yẹn ń sọ. Lọ́dún 1974, iléeṣẹ́ Marvel bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ sítáǹbù kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Marvel Value Stamp sínú àwọn kọ́míìkì wọn. Wọ́n ní kí àwọn ọmọdé máa fi sísọ́ọ̀sì gé e jáde, kí wọ́n sì máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìwé kan títí gbogbo rẹ̀ á fi pé. Àwọn ọmọdé gbọ́ràn. Nígbà yẹn, sẹ́ǹtì 25 ni wọ́n ń ta Hulk 181. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé Wolverine, akọni tí a kọ́kọ́ rí ní kíkún nínú ìwé yẹn, yóò di ẹni tí gbogbo ayé ń wá. Ọ̀pọ̀ Hulk 181 ló wà lónìí tí iwájú rẹ̀ ń dán, tí etí rẹ̀ gún régé, tí ihò sì wà nínú ojúewé lẹ́tà àwọn òǹkàwé níbi tí ọmọ kan ti gé sítáǹbù. Ìwọ ò lè rí ihò yẹn láti ìta, nítorí ìwé ti wà nínú ike. Fọ́tò iwájú ò lè fi í hàn, fọ́tò ẹ̀yìn náà ò lè fi í hàn. Lébẹ́ẹ̀lì nìkan ló lè bá ẹ sọ ọ́. Ẹni tó bá wá mọ̀ọ́mọ̀ kọ “CGC 9.4” sí àkọlé, tó yọ Qualified kúrò, tó tún jẹ́ kí iná bo ibi tí wọ́n kọ àbùkù sí, ó mọ ohun tó ń ṣe. Kò pa irọ́ tí o lè tọ́ka sí, òótọ́ ló fi pamọ́. Ó ń dùn mí gan-an, torí pé ẹni tó máa ń bọ́ sí i lọ́wọ́ ni ẹni tó ń fi owó oṣù ra ìwé àkọ́kọ́ tó níye lórí láyé rẹ̀.

Wo iye náà pẹ̀lú. O ní kò tó ìdajì. Gbàǹjo tí gbogbo ayé ń wò ni, àwọn tó ń ra Hulk 181 láti ọjọ́ pípẹ́ wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá jókòó tí wọn ò gbé owó sókè, ohun kan wà tí wọ́n rí. Wọ́n ti ka lébẹ́ẹ̀lì. Mi ò sọ pé lébẹ́ẹ̀lì àwọ̀ ewé kò dára láti rà o. Bí ó bá jẹ́ pé ohun tó ń wù ẹ́ ni kí Hulk 181 wà nínú ilé rẹ, tí o kò gbèrò láti tà á, ọ̀nà tí owó rẹ fi lè tó o nìyẹn. Àmọ́ iye lébẹ́ẹ̀lì àwọ̀ ewé mìíràn tó ní máàkì kan náà àti àbùkù kan náà ni kó o fi wọ̀n ọ́n, má fi iye búlúù wọ̀n ọ́n.

Lébẹ́ẹ̀lì elésè àlùkò ni ti Restored: ẹnì kan ti ṣe àtúnṣe sí ìwé náà. Ó lè jẹ́ pé wọ́n fi íǹkì kun ibi tí àwọ̀ ti ṣí, pé wọ́n fi pépà di ibi tó ya, tàbí pé wọ́n gé etí rẹ̀. Gígé etí yìí ló máa ń tan ojú jù, nítorí pé ìwé tí wọ́n gé etí rẹ̀ máa ń rẹwà lójú fọ́tò ju èyí tí wọn ò fọwọ́ kàn lọ. Igun rẹ̀ á mú, ibi tó ti ya á ti lọ. Lórí lébẹ́ẹ̀lì Restored, wàá rí lẹ́tà A dé C fún bí iṣẹ́ àtúnṣe náà ṣe dára tó, àti 1 dé 5 fún bó ṣe pọ̀ tó. Bí àkọlé ọjà bá sọ máàkì tí kò sì dárúkọ àtúnṣe, òkè lébẹ́ẹ̀lì ni kó o wò. Yẹ́lò ni ti Signature Series, ìyẹn ni pé ẹni tó fọwọ́ sí ìwé náà fọwọ́ sí i níṣojú ẹni tí CGC gbà gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Stan Lee fọwọ́ sí ìwé púpọ̀ kó tó kú ní 2018, o sì máa rí ọjà tí wọ́n kọ “CGC, Stan Lee fọwọ́ sí i” sí, tí lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kì í sì í ṣe yẹ́lò. Ní ti irú ìyẹn, kò sí ẹlẹ́rìí CGC níbẹ̀ nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí i. 

Àwọn ọ̀rọ̀ bíi “CGC ready” tàbí “possible 9.8” kò yẹ kó gba àkókò rẹ. Kò sí iléeṣẹ́ kankan tó tíì rí ìwé yẹn, ẹni tó ń tà á ló fẹ́ kí lẹ́tà mẹ́ta yẹn gbé ọjà òun jáde nígbà tí o bá ń wá CGC.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ ní FUTA ńkọ́? Ohun tó sọ dára dé àyè kan. Máa tẹ nọ́ńbà sórí ìkànnì iléeṣẹ́ náà ní gbogbo ìgbà, kódà bí ọjà bá kéré. Wàá rí orúkọ ìwé, máàkì rẹ̀, irú lébẹ́ẹ̀lì tó wà lórí rẹ̀, bí pépà inú rẹ̀ ṣe funfun sí, nígbà mìíràn wàá tún rí àkọsílẹ̀ àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò, tàbí fọ́tò rẹ̀ pàápàá. Ní ti ọjà tìrẹ yìí, ìkànnì yẹn ló máa kọ Qualified sí ẹ lójú gbangba, iná fọ́tò ò sì ní lè bò ó. Ó tún máa mú ẹni tó bá fi kọ̀ǹpútà yí 9.0 sí 9.4 nínú fọ́tò. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan méjì kan wà tí kò lè mú. Ẹni tó ń ṣe ayédèrú lè da nọ́ńbà ìwé gidi kan kọ láti inú ọjà ẹlòmíràn. Bó o bá tẹ nọ́ńbà náà, ìwé gidi yẹn ló máa jáde, gbogbo ẹ̀ á sì bára mu. Ohun kejì ni pé ìkànnì lè sọ ohun tí wọ́n fi sínú ike, kò lè sọ ohun tó wà níbẹ̀ báyìí.

Ọmọ ìpínlẹ̀ Oǹdó ni ẹ́, o mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe kòkó. Òṣìṣẹ́ tó ń yẹ kòkó wò á gún àpò, á gé kòkó bíi mélòó kan wò, tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn á fi èdìdì sí i. Èdìdì yẹn ń jẹ́rìí kòkó tó wà nínú àpò lọ́jọ́ náà. Bí ẹnì kan bá tú ojú rírán àpò lóru, tó da kòkó tó ti bu sínú rẹ̀, tó sì rán an padà, ohun tó wà lórí èdìdì kò ní yí padà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí kọ́míìkì gan-an nìyẹn ní ìparí 2023 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2024, ó sì da gbogbo ọjà náà rú. CGC ní ètò kan fún ẹni tí ike rẹ̀ bá fọ́ tàbí tó ha: kó dá a padà, kí wọ́n gbé ìwé náà sínú ike tuntun láìtún fún un ní máàkì mìíràn. Àwọn kan rí ọ̀nà níbẹ̀. Wọ́n ṣí ike, wọ́n yọ ìwé tó gba máàkì gíga, wọ́n fi èyí tí kò tó o rọ́pò, wọ́n sì fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ bíi pé ike ló bàjẹ́. Ohun tó padà bọ̀ ni ike tuntun, lébẹ́ẹ̀lì tuntun, nọ́ńbà tó jáde lórí ìkànnì, àti ìwé tí kì í ṣe òun. Ìwé gidi ṣì wà lọ́wọ́ wọn láti fi gba máàkì lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tí àṣírí tú, CGC gbé nọ́ńbà àwọn ìwé tí ọ̀rọ̀ náà kàn jáde ní 2024, wọ́n lé ní ọ̀ọ́dúnrún. Kó o tó ra ìwé tó gbówó lórí, wá nọ́ńbà rẹ̀ nínú àkójọ yẹn.

Ṣé o rí i báyìí pé nínú irú ọ̀ràn yẹn, yíyẹ ike wò kò lè ràn ẹ́ lọ́wọ́? Ike náà mọ́ tónítóní. Àwọn tó kọ́kọ́ fura wo ìwé fúnra rẹ̀, wọ́n sì fi fọ́tò ti tẹ́lẹ̀ wé ti ìsinsìnyí. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ kó o kọ́ dáadáa nìyẹn, nítorí òun ló ń mú ohun tí àwọn yòókù ò lè mú.

Kò sí kọ́míìkì àtijọ́ méjì tó rí bákan náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ kan ló tẹ̀ wọ́n. Wo ibi tí ìwé ti ṣẹ́ po lápá òsì: níbo gan-an ni píìnì méjèèjì gún? Ṣé ọ̀kan ga díẹ̀, ṣé ó dagun? Ṣé àwòrán iwájú ya lọ sẹ́yìn díẹ̀, àbí funfun ẹ̀yìn ló yọ wá síwájú? Wo etí ọ̀tún, kí o rí ibi tí ọ̀bẹ ilé ìtẹ̀wé ti gé lẹ́tà tó gbẹ̀yìn kù. Wo àwọn ìlà funfun tín-ín-rín tó máa ń wà lójú ìṣẹ́po, iye wọn àti ibi tí wọ́n wà. Wo bóyá ẹni tó ń tà á lọ́dún náà lọ́hùn-ún lu òǹtẹ̀ déètì sí i, tàbí ó fi pẹ́ńsù kọ nǹkan. Àwọn àmì wọ̀nyí ò ṣeé yí padà láìfi ojú àtúnṣe sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, wá nọ́ńbà ìwé náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí o sì wá a nínú àkójọ àwọn ọjà tí wọ́n ti tà sẹ́yìn. Heritage Auctions ní irú àkójọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú fọ́tò tó tóbi tó láti fi ka ìlà kọ̀ọ̀kan. Tó o bá rí nọ́ńbà kan náà tí wọ́n ti tà lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, gbé fọ́tò méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí píìnì bá ti kúrò níbi tó wà, ìwé méjì lo ń wò. Bí ìwé kan náà bá ni, tí ó wá ní ìlà tuntun tàbí igun tó ti tẹ̀, kì í ṣe jìbìtì dandan. Ìwé máa ń mì nínú ike nígbà tí wọ́n bá ń gbé e kiri tí wọn ò dì í dáadáa, igun rẹ̀ á sì máa lu ike. Síbẹ̀, máàkì tó wà lórí rẹ̀ ti di ti àná, má san owó òní lé e.

Wo máàkì àti ìwé papọ̀ pẹ̀lú. Ìwé tó gba 9.8 kò yẹ kó ní ìlà funfun bíi mẹ́fà tó já àwọ̀ lójú ìṣẹ́po, kò yẹ kí igun rẹ̀ ṣẹ́ po, kò yẹ kí píìnì rẹ̀ ti dípẹtà sára pépà. Tó o bá rí irú rẹ̀ nínú ike tó sọ pé 9.8, má wá àwáwí fún un.

Ike náà ńkọ́? Wò ó bẹ́ẹ̀, àmọ́ má fi gbogbo ọkàn rẹ lé e. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti etí ni kó o wò: ìlà tó sán, ibi tó funfun bíi pé wọ́n fi nǹkan yọ ọ́, ojú gúlúù. Àwọn ike CGC kan máa ń ní àwọ̀ òṣùmàrè tó ń yí kiri bí iná bá bà á. Ìyẹn kì í ṣe àmì ayédèrú, ike méjì tó fara kan ara wọn ló ń fà á.

Fọ́tò tí wàá béèrè lọ́wọ́ ẹni yẹn nìyí, kọ̀wé sí i lónìí: iwájú láìsí iná lórí rẹ̀, ẹ̀yìn, lébẹ́ẹ̀lì nìkan ní súnmọ́ débi pé o lè ka lẹ́tà wẹ́wẹ́ rẹ̀, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ike, àti ojú ìṣẹ́po láti ẹ̀gbẹ́. Ní kó fi pépà kékeré tó kọ déètì òní sí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ọ̀kan. Ẹni tí ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an lè ya gbogbo rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹni tó bá ní fọ́tò tó wà níbẹ̀ ti tó, tàbí tó ń fi ìbínú dá ẹ lóhùn, fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Níwọ̀n bó ti jẹ́ Hulk 181 lo fẹ́, ṣọ́ra fún nǹkan méjì mìíràn. Hulk 180, ti oṣù tó ṣáájú rẹ̀, ní Wolverine nínú àwòrán kan ṣoṣo tó gbẹ̀yìn ìwé, àwọn kan sì máa ń tà á pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pé òun ni àkọ́kọ́ láìṣàlàyé. Ìwé tó dára ni, àmọ́ iye rẹ̀ yàtọ̀ gan-an. Marvel fúnra rẹ̀ sì ti tún 181 tẹ̀ lóde òní gẹ́gẹ́ bíi facsimile, àwòrán rẹ̀ bá ti 1974 mu, wọ́n sì lè fún òun náà ní 9.8 nínú ike. Lébẹ́ẹ̀lì máa kọ Facsimile Edition sí i. Àkọlé ọjà lè má kọ ọ́.

Ní ti owó tí wọ́n ń dá, ṣí ìtàn rẹ̀ wò bí gbàǹjo bá gbà ẹ́ láyè. Lórí eBay, ó máa ń hàn bí ẹni tó ń dá owó náà ṣe máa ń bá òǹtajà yẹn ṣe tó. Ẹni tó jẹ́ pé ọjà òǹtajà kan ṣoṣo ló máa ń dá owó lé, tó ń gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ tí kì í sì í borí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀rẹ́ tàbí ìbátan ẹni tó ń tà á. Ilé gbàǹjo ńlá máa ń fi owó tiwọn kún iye tó o bá fi borí, ó lè tó ìdá 20 nínú 100, nítorí náà ṣírò rẹ̀ kó o tó bẹ̀rẹ̀. Ka àdéhùn wọn pẹ̀lú, nítorí ọ̀pọ̀ wọn kì í gba ìwé tó ti wà nínú ike iléeṣẹ́ máàkì padà nítorí àríyànjiyàn lórí máàkì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ tìrẹ ti bà mí lẹ́rù jù ni Houston. Bó bá jẹ́ eBay ni gbàǹjo náà, wọ́n ní ètò tó ń dá owó padà fún ẹni tí ọjà tó rí gbà kò bá bá àpèjúwe rẹ̀ mu, kódà bí òǹtajà bá kọ ọ́ pé òun kì í gba ọjà padà. Ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn tí ọjà bá dé ni wọ́n fún ẹni tó rà á láti fẹjọ́ sùn. Ẹrù ojú omi kì í sábà dé Èkó láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, ká má tíì sọ Àkúrẹ́. Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni pé tí wọ́n bá ti fi ọjà náà ránṣẹ́ láti àdírẹ́sì tó kọ́kọ́ dé sí ibòmíràn, ààbò náà kò bò ó mọ́. Tí ẹ̀gbọ́n rẹ bá gbà á tí kò tú u, tó sọ ọ́ sínú dúrọ́ọ̀mù pẹ̀lú aṣọ àti bàtà, ọjọ́ náà gan-an ni ẹ̀tọ́ rẹ parí, ó lè jẹ́ kó o tó rí ìwé náà sójú.

Nítorí náà, bá ẹ̀gbọ́n rẹ sọ̀rọ̀ ṣáájú. Bẹ̀ ẹ́ pé kó tú u lọ́jọ́ tó bá dé, kó fi fóònù ya fídíò láti ìgbà tí páálí ṣì wà ní dídì títí di ìgbà tí ìwé bá jáde, kí àdírẹ́sì ara páálí hàn nínú rẹ̀. Kó ka nọ́ńbà sókè. Kó ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn nínú ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́, kó fi ránṣẹ́ sí ẹ lórí WhatsApp gẹ́gẹ́ bí fáìlì, kí WhatsApp má bàa fún un pọ̀ kí ìlà wẹ́wẹ́ pòórá. Ìwọ ni kó o jókòó fi í wé fọ́tò ọjà àti ti àtijọ́. Bí gbogbo rẹ̀ bá bára mu, kó wá fi ránṣẹ́. Bí kò bá bára mu, Houston ni kó o ti fẹjọ́ sùn. Ìwé bẹ́ẹ̀ kò sì yẹ kó gba ojú omi rárá. Ooru inú kọ̀ǹténà pọ̀ fún pépà tó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Dúró de ẹnì kan tó ń bọ̀ wálé tí ó lè gbé e sínú báàgì ọwọ́.

Bí òǹtajà náà bá kọ̀wé sí ẹ pé kẹ́ ẹ jáde kúrò nínú gbàǹjo, kó o san owó fún òun tààrà kí òun lè gé iye rẹ̀ kù, má dáhùn. Owó tó o bá san níta kò ní ààbò gbàǹjo, PayPal pàápàá kì í dáàbò bo owó tó o bá fi ránṣẹ́ bí ẹni tó ń fún ọ̀rẹ́ tàbí ẹbí lówó.

Má sì jẹ́ kí aago tó ń ka ìṣẹ́jú gbàǹjo sáré ba ọkàn rẹ jẹ́. Hulk 181 níye lórí nítorí pé gbogbo èèyàn ló fẹ́ ẹ, kì í ṣe nítorí pé kò sí; ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ ló ti wà nínú ike CGC, òmíràn á sì jáde ní gbàǹjo láìpẹ́. Kọ̀wé sí òǹtajà náà fún àwọn fọ́tò yẹn. Tó bá fi wọ́n ránṣẹ́, fi wọ́n ránṣẹ́ sí èmi náà pẹ̀lú nọ́ńbà tó wà lórí lébẹ́ẹ̀lì, n ó bá ẹ wá a nínú àwọn ọjà tí wọ́n ti tà sẹ́yìn kí gbàǹjo náà tó parí.